"Admin" kọ́ ni mo fẹ́: ẹ bá mi wá orúkọ iṣẹ́ tí màá kọ sẹ́gbẹ̀ẹ́ orúkọ mi

Àbẹ̀ní_Manchester

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin èèyàn mi. Ọ̀rọ̀ kékeré kan ló ń dà mí láàmú, ẹ má fi mí ṣẹ̀sín.

Grúùpù kan wà lórí Telegram tí a ti ń kó ọ̀rọ̀ Yorùbá àtijọ́ jọ: ọ̀rọ̀ ilé ìdáná, ọ̀rọ̀ oko, orúkọ ewé, irú nǹkan bẹ́ẹ̀. A ti lé ní irinwó níbẹ̀. Lọ́sẹ̀ tó kọjá, ọ̀gá tó dá a sílẹ̀ sọ èmi náà di ádímìn. Mo dúpẹ́. Ṣùgbọ́n Telegram máa ń kọ "admin" gàgàrà sẹ́gbẹ̀ẹ́ orúkọ èèyàn, ọ̀gá wa sì ní òun ò fẹ́ Gẹ̀ẹ́sì níbẹ̀. Ó ní kí kálukú mú orúkọ tó bá iṣẹ́ rẹ̀ mu wá, òun á bá a fi sí i. Àwọn yòókù ti mú tiwọn. Ẹnì kan ní "Olóòtú". Ẹnì kan ní "Akápò", bẹ́ẹ̀ a ò dá kọ́bọ̀ rí. Ẹnì kan tiẹ̀ ní "Balógun". Èmi nìkan ló kù.

Iṣẹ́ tí mò ń ṣe níbẹ̀ rèé: bí àwọn èèyàn bá kọ ọ̀rọ̀ láìfi àmì sí i, èmi ni mo máa ń fi í sí i. Mo máa ń pa ìpolówó ìpara àti ti owó wàràwàrà rẹ́. Mo sì máa ń túmọ̀ fún àwọn ọmọ tí wọ́n bí sókè òkun tí wọn ò gbọ́ tó. Nọ́ọ̀sì ni iṣẹ́ oúnjẹ òòjọ́ mi. Lọ́jọ́ Sátidé, mo máa ń kọ́ ọmọ mẹ́sàn-án ní Yorùbá nínú gbọ̀ngàn ṣọ́ọ̀ṣì wa.

"Olùkọ́ Èdè Yorùbá" ni mo kọ́kọ́ mú. Àyè lẹ́tà 16 péré ni Telegram fún wa. Mo fi ìka kà á, àlàfo àárín àti gbogbo ẹ̀, 16 gééré. Ọ̀gá wa fi sí i, ohun tó jáde ni "Olùkọ́ Èdè Yorùb". Láti àná ni wọ́n ti ń kí mi pé "Àǹtí Yorùb, ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta". Ẹ gbà mí.

Bọ́dé_Afọwọ́tẹ̀

Àǹtí, "Yorùb" yẹn pa mí lẹ́rìn-ín débi tí omi bọ́ lójú mi. Ẹ ò ṣìṣirò o. Ojú yín ka 16, ẹ̀rọ ka 17. "Ọ́" inú "Olùkọ́" ló fa gbogbo ẹ̀.

Ẹ wò ó báyìí. Nínú Unicode tí gbogbo fóònù àti kọ̀ǹpútà fi ń kọ̀wé, lẹ́tà kọ̀ọ̀kan ló ní nọ́ńbà tirẹ̀. "Ó" ní tirẹ̀, torí àwọn ará Sípéènì àti Pọ́túgà ń lò ó. "Ọ" náà ní tirẹ̀, torí àwọn ará Vietnam ń lò ó. Ní tiwọn, àmì ìsàlẹ̀ yẹn gan-an ni àmì ohùn, wọn kì í gbé òmíràn lé e lórí. Àwa là ń gbé e lé e. Torí náà "ọ́" àti "ọ̀", "ẹ́" àti "ẹ̀" kò ní nọ́ńbà kankan tó jẹ́ tiwọn. Ẹ̀rọ á kọ "ọ" sílẹ̀, á wá gbé àmì lé e. Ẹyọ kan lojú ń rí, méjì ló wà nínú àpò. Ìyẹn ló ti "á" ìparí yín ṣubú kúrò lórí bẹ́ǹṣì.

Bí ẹ bá fẹ́ mọ bó ṣe burú tó, ẹ wo "Ọ̀jọ̀gbọ́n". Ojú á kà á ní méje, ẹ̀rọ á kà á ní mẹ́wàá. Orúkọ tí "ọ̀" àti "ẹ̀" ò pọ̀ nínú ẹ̀ ni kí ẹ wá. Ẹ má sì ronú àtifi àwòrán ojú ẹ̀rín sí i o, kì í wọ ibẹ̀.

ỌmọKétu

Àwa tá a wà ní Benin náà ò bọ́ níbẹ̀. Ɔ àti ɛ la fi kọ́ wa, a kì í fi àmì sí ìsàlẹ̀. Ẹ̀yin ń kọ ọ́ ní ṣ, àwa ń kọ ọ́ ní sh. Mo rò pé tiwa á rọrùn fún ẹ̀rọ, mo lọ dán "Olùkɔ́" wò. Méjì náà ló ka ɔ́ sí! A sá fún òjò, a bọ́ sínú odò.

Tíṣà_Àgbà

Àbẹ̀ní ọmọ mi, Bọ́dé ti sọ ti ẹ̀rọ, jẹ́ kí n sọ ti ìtumọ̀. Iṣẹ́ tó o kà sílẹ̀ ò jẹ́ orúkọ kan náà. Má pò wọ́n pọ̀ bí ẹ̀bà.

Ẹni tó dúró láàárín èèyàn méjì tí wọn ò gbédè ara wọn, tó ń fetí gbà á níhìn-ín tó ń fẹnu gbé e lọ sọ́hùn-ún, ògbufọ̀ nìyẹn. Kóòtù ni mo ti kọ́kọ́ rí ọ̀kan nígbà tí mo wà ní kékeré, bàbá mi lọ jẹ́rìí lórí ọ̀rọ̀ ilẹ̀. Adájọ́ á sọ tirẹ̀ ní Gẹ̀ẹ́sì, ògbufọ̀ á gbà á lẹ́nu rẹ̀, á sọ ọ́ fún bàbá mi. Bàbá mi á dáhùn pẹ̀lú òwe méjì àti ìtàn gígùn kan, ògbufọ̀ á kọjú sí adájọ́, á ní "Ó ní bẹ́ẹ̀ kọ́." Gbogbo òwe bàbá mi ti di "bẹ́ẹ̀ kọ́"! Ó dùn wọ́n títí wọ́n fi kú.

Ẹni tó jókòó ti ìwé, tó ń kó ọ̀rọ̀ láti inú èdè kan bọ́ sínú òmíràn, atúmọ̀-èdè nìyẹn. Àjàyí Crowther ni ẹ máa wò. Ọdún 1843 ni ìwé tó fi kó ọ̀rọ̀ Yorùbá jọ jáde. Ọdún 1864 ni wọ́n tó fi í jẹ bíṣọ́ọ̀bù. Ó wà lẹ́nu ìtumọ̀ náà títí Bíbélì Yorùbá fi jáde lódindi ní 1884. Ó ti tó ogún ọdún tó ti ń ṣiṣẹ́ ọ̀rọ̀ kí wọ́n tó gbé oyè lé e lórí, síbẹ̀ kí lẹ̀ ń pè é lónìí? Bíṣọ́ọ̀bù. Oyè gbé iṣẹ́ mì.

Olóòtú ní tirẹ̀, ọ̀rọ̀ ò lè jáde bí kò bá fọwọ́ sí i. Ìwọ kọ́ nìyẹn. O kàn ń bá wọn tún un ṣe lẹ́yìn tó ti jáde ni.

Ohun tó wá ń bí mi nínú ni ti ẹni tó kọ "Balógun". Ta ló fi í jẹ ẹ́? Ewé wo ni wọ́n já lé e lórí? Iṣẹ́ lèèyàn ń fẹnu ara rẹ̀ pè. Oyè, ẹlòmíràn ló ń fini jẹ ẹ́.

Jagun_Òkèbàdàn

Ẹ ṣeun bàbá! Ọ̀rọ̀ Balógun yẹn gan-an ló fà mí wọlé. Ọmọ Ìbàdàn ni mí. Ní tiwa, wàá kọ́kọ́ di Mọ́gàjí ilé bàbá rẹ. Wàá di Jagun. Lẹ́yìn náà wàá máa gun àkàbà lọ ní ìpele-ìpele, ó lé ní 20, o ò gbọ́dọ̀ fo ọ̀kan. Ẹni tó wà níwájú rẹ ní láti kú tàbí kó gòkè kí ìwọ tó sún. Ọ̀pọ̀ ló ti kú sójú ọ̀nà Balógun. Ẹnì kan wá jókòó sórí tìmùtìmù, ó fi àtàǹpàkò tẹ̀ ẹ́. Ogun wo ló jà? Ogun ìpolówó ìpara?

Àbẹ̀ní_Manchester

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ rọra o. Balógun wa wà níbí, ó ń ka gbogbo ohun tí ẹ̀ ń kọ.

Balógun_Kíláàsì

Èmi rèé. Mo ti ń kà á látàárọ̀.

Ẹ má bínú sí mi, ẹ̀yin àgbà. Orúkọ ìnagijẹ mi ni láti sẹ́kọ́ńdìrì. Èmi ni mo máa ń ṣíwájú tí a bá fẹ́ fo fẹ́ǹsì sá kúrò ní kíláàsì ìṣirò. Èmi náà ni wọ́n máa ń kọ́kọ́ nà.

Jagun_Òkèbàdàn

Ó dáa. Ìyẹn Balógun ni lóòótọ́, mo kó ọ̀rọ̀ mi jẹ.

Ìyá_Ẹ̀bùn

Ẹ̀yin ọkùnrin wọ̀nyí, ẹ ti gbé ọ̀rọ̀ lọ sí Ọjà Ọba n'Ìbàdàn. Àbẹ̀ní, ṣebí ìwọ lò ń tọ́jú gbogbo wọn níbẹ̀? Kọ "Ìyá Ẹgbẹ́", kó o sinmi. Bó ò bá fẹ́ ìyẹn, "Gíwá" wà ńlẹ̀.

Àbẹ̀ní_Manchester

Háà, mọ̀mí! Mo mọ ohun tó ń bẹ nídìí Ìyá Ẹgbẹ́. Ìyá Ẹgbẹ́ ló ń ra àpò ìrẹsì, Ìyá Ẹgbẹ́ ló ń gba àlejò sílé, bí wọ́n bá sì dá aṣọ tí èèyàn mẹ́ta ò sanwó, Ìyá Ẹgbẹ́ ló ń jẹ gbèsè ẹ̀. Mi ò tí ì pé ogójì ọdún, mà. Ẹ jẹ́ kí n sinmi díẹ̀.

Bọ́dé_Afọwọ́tẹ̀

Ti Gíwá ńkọ́? Erin ni àwọn Hausa ń pè ní giwa o. Àǹtí Erin.

Àbẹ̀ní_Manchester

Bọ́dé, màá bá ẹ jà.

Adé_Pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́

Kí ló dé tí ẹ ò kọ "Nọ́ọ̀sì"? Iṣẹ́ yín ni, ẹ kàwé gbà á, kò sẹ́ni tó lè ní ẹ fi ara yín jẹ ẹ́. Lẹ́tà ẹ̀ náà ò pọ̀.

Àbẹ̀ní_Manchester

Ẹ jẹ́ kí n sọ ohun tójú mi rí.

Ní ọdún méjì sẹ́yìn, mo wà nínú grúùpù àwa tá a jọ jáde ilé-ìwé. Wọ́n ní kí kálukú fi iṣẹ́ rẹ̀ kún orúkọ, ká lè máa ran ara wa lọ́wọ́. Mo fi "Nọ́ọ̀sì" sí i. Lálẹ́ ọjọ́ yẹn gan-an, ní aago kan kọjá díẹ̀, fóònù mi dún. Ẹni tí mi ò bá sọ̀rọ̀ láti ọdún tí a ti jáde ló fi fọ́tò egbò ẹsẹ̀ bàbá ìyàwó ẹ̀ ránṣẹ́. Kò kí mi. "Wo eléyìí fún mi" ló kọ sábẹ́ ẹ̀. Kó tó di òpin ọ̀sẹ̀, mo ti gba fọ́tò ahọ́n ọmọ ọwọ́, fọ́tò páálí oògùn tó ti lọ́jọ́ lórí, àti ti ìtọ̀ nínú ike. Ẹnì kan ń bínú pé mi ò dáhùn kíákíá, ó ní ìgbéraga ti wọ̀ mí. Bẹ́ẹ̀, nọ́ọ̀sì tó ń tọ́jú àwọn tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ ṣe iṣẹ́ abẹ ni mí, mi ò tiẹ̀ mọ nǹkan kan nípa ahọ́n ọmọ ọwọ́. Mo yọ ọ́ kúrò, ó sì tó oṣù mẹ́ta kí fọ́tò tó dẹ́kun.

Nítorí náà, mi ò wá orúkọ tó máa buyì kún mi. Orúkọ tí wọ́n bá rí i, tí ohun tí wọ́n máa béèrè á jẹ́ ohun tí mo lè ṣe láìjí kúrò lójú oorun, òun ni mò ń wá.

Tíṣà_Àgbà

O ti dáhùn ìbéèrè ara rẹ o, ọmọ mi, àfi kó o rí ọ̀rọ̀ tó máa gbé e.

Fẹ́mi_Ọ̀yọ́

"Alábòójútó" ńkọ́? Àbí "Alámòójútó" ni? Mo ti rí méjèèjì.

Tíṣà_Àgbà

Bójú tó, mójú tó, méjèèjì ń bẹ. Ṣùgbọ́n alábòójútó kí ni? Ọ̀rọ̀ náà dà bí agbádá, gbogbo èèyàn ló gbà.

Kò_Sórúkọ

Èmi ò rí ìdí gbogbo eléyìí. Fi ibẹ̀ sílẹ̀ lófìfo. Ẹni tó bá rí ọ lẹ́nu iṣẹ́ á mọ ohun tó ò ń ṣe. Ọdún mélòó ni mo ti wà níbí, ta ló bi mí léèrè orúkọ?

Bọ́dé_Afọwọ́tẹ̀

Tó bá ṣófo, Telegram á tún kọ "admin" padà síbẹ̀ fúnra ẹ̀. Ilé tá a ti kó kúrò la tún padà sí yẹn.

Ẹ̀yin sì ti kọ "Kò_Sórúkọ" sí tiyín, ẹ̀gbọ́n. Orúkọ náà nìyẹn o.

omo_houston

E pele o. Emi naa wa ninu group yen. Mi o mo bi won se n fi ami si oro lori foonu mi, e ma binu. Mo fe so nkan kan. Nigba ti mo wole, mo ri "Balogun", mo ri "Olootu", eru ba mi, mi o le beere nkan kan fun osu meji. Mo ro pe awon agba ni. Anti Abeni nikan ni mo ba soro, nitori "admin" lo wa nibe, mo si mo itumo admin.

Àbẹ̀ní_Manchester

Oṣù méjì! Àbúrò mi, o ṣeun tó o sọ ọ́. Ọ̀rọ̀ yìí dùn mí.

Balógun_Kíláàsì

Ó dùn mí ju yín lọ. Wọ́n ò sọ fún mi rí pé orúkọ mi ń lé ọmọdé sá. Mo máa pààrọ̀ ẹ̀. Ewé àti igbó ni tèmi, orúkọ ewé ni mo máa ń dáhùn. Ṣé "Eléwé" ò burú?

Ìyá_Ẹ̀bùn

Eléwé dáa! Kò sì yàtọ̀ sí bí a ṣe ń sọ ọ́ lọ́jà. Ẹni tó ń ta ata, aláta. Ẹni tó ń ta epo, elépo. Ẹni tó ń ta aṣọ, aláṣọ. A kì í jókòó ṣèpàdé lórí ẹ̀. Àbẹ̀ní, kí lò ń "tà" níbẹ̀ jù lọ? Àmì. O wá di Alámì.

Bọ́dé_Afọwọ́tẹ̀

Màmá ti parí ẹ̀! Lẹ́tà márùn-ún, kò sí "ọ̀" kankan nínú ẹ̀, kò sí "ẹ̀".

Tíṣà_Àgbà

Ó dùn létí. Ṣùgbọ́n bí ẹnì kan bá gbójú fo àmì orí ẹ̀, tó kà á sí "alámí" ńkọ́? Amí ni yóò rò pé o ń ṣe, pé ìjọba ló rán ọ wá sínú grúùpù láti máa gbọ́ tẹnu wọn. Èmi ní "Afàmìsọ́rọ̀". Ó ń fi àmì sí ọ̀rọ̀, kò ní ìtumọ̀ méjì.

Bọ́dé_Afọwọ́tẹ̀

Bàbá, mo ti kà á fún ẹ̀rọ, 11 ni, ó wọlé. Ṣùgbọ́n tiyín náà ní ìjàm̀bá. Bí àmì kan bá yí, "Afàmìsọ̀rọ̀" ló dà, ìyẹn ẹni tó ń fi ọwọ́ ṣe àmì bá adití sọ̀rọ̀. Wọ́n á máa pè é wá ṣe ògbufọ̀ níbi ìsìn.

Tíṣà_Àgbà

O bá mi níbẹ̀. Ọmọ yìí gbọ́n o.

Jagun_Òkèbàdàn

Kí wọ́n kúkú fi "Ohùn" kún ti Màmá: "Alámì Ohùn". Kò sẹ́ni tó máa rò pé ohùn ni amí ń ṣọ́.

Ìyá_Ẹ̀bùn

Wọ́n lè rò ó o, ṣé ìjọba ò gbọ́ fóònù ni? Ṣùgbọ́n mo fara mọ́ ọn.

Àbẹ̀ní_Manchester

"Alámì Ohùn". Mo tẹ̀ ẹ́ wò, 10 ni, ó sì kù. Mo ti kọ ọ́ sí ọ̀gá wa. Ẹ dúró ná.

…

Ó ti fi sí i! Ó jáde lódindi, ùn ìparí ò ṣubú. Mo ya fọ́tò ojú fóònù mi, mo fi ránṣẹ́ sí ọkọ mi níbi iṣẹ́, ó ní "Ta ló ń jẹ́ bẹ́ẹ̀?" Ẹ ṣé gan-an, gbogbo yín, pàápàá jù lọ Mọ̀mí Ẹ̀bùn.

omo_houston

E ku oriire anti. Nje mo le beere nkan niwon igba ti e ti di Alami Ohun? Egbon mi okunrin fe se idana. Mama agba wa ni Ibadan ko akojo eru iyawo ranse sori WhatsApp. Won ko: obi, orogbo, atare, oyin, iyo, agbon meji. Kini agbon meji?

Àbẹ̀ní_Manchester

Ó dáa tó o béèrè. Àwọn méjì ló ṣeé ṣe níbẹ̀. "Àgbọn" ni èyí tí omi wà nínú ẹ̀, tí à ń jẹ. "Agbọ̀n" ni èyí tí wọ́n hun, tí wọ́n ń kó èso sí. Méjèèjì lè wà nínú ẹrù ìyàwó, mi ò sì lè bá màmá àgbà mú ọ̀kan. Ìyẹn tó ń tani wà níbẹ̀ náà, "agbọ́n", ṣùgbọ́n mi ò rò pé òun ni wọ́n fẹ́ fún ìyàwó.

Má tún kọ̀wé sí wọn. Ní kí wọ́n fi ohùn sọ ọ́ ránṣẹ́. Bí ohùn wọn bá bẹ̀rẹ̀ nísàlẹ̀ tó wá gòkè díẹ̀, èyí tí à ń jẹ ni. Bó bá ń lọ sílẹ̀ lẹ́yìn, èyí tí wọ́n hun ni.

omo_houston

Won ti fi ohun ranse. Mo gbo o leemarun. O n lo sile leyin.

Anti, mo ti ra meji ti a n je lana.

Jagun_Òkèbàdàn

Fọ́ ọ, kó o fún Àǹtí ní tiwọn.